Àwọn Ọdẹ Kò Kú, Wọ́n Lọ Ṣọ́ Àdúgbò: Ohun Tí Ìrìn Ẹsẹ̀ Ń Ṣe fún Àjẹsára Ara

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àti àwọn ìyá ọlọ́jà sọ ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Mápó, ní Ìbàdàn. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì fi ìbéèrè mélòó kan tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ ń wọlé, mo sì rí àwọn tó fẹsẹ̀ gun òkè láti Bẹẹrẹ. Ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn bò yín, ìyá kan tiẹ̀ ní láti di ògiri mú kó tó lè dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara yín lórí òkè yẹn, nítorí òun gan-an ni mo bá wá síbí. Bí àyà yín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ gbá yá, àwọn ọmọ-ogun ara tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń tòògbé, sì já bọ́ sójú ọ̀nà. Nígbà tí ẹ fi máa rí àga jókòó, iye wọn tó ń káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ yín ti ju iye tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ gbéra ní Bẹẹrẹ lọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ bí ara ṣe ń lo iṣan, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń sáré, àti ohun tí ìrìn àti eré ń dá sílẹ̀ nínú rẹ̀. Apá tó gbà mí lọ́kàn jù ni àjẹsára. Láyé àtijọ́, tí wọ́n bá ní lágbájá ti lo àjẹsára, oògùn tó jẹ tàbí gbẹ́rẹ́ tó sín ni wọ́n ń sọ. Lónìí, abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń gún ọmọ ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó jẹ oògùn, kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́, Ẹlẹ́dàá ti fi àjẹsára sí i lára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí pín-ín-nì lọ, lára ẹni tí ara rẹ̀ le, wọ́n máa ń tó 4,000 sí 11,000.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Olùkọ́ wa ní kí ẹnìkan nínú wa yọ̀ǹda ìka rẹ̀, ọmọkùnrin Ìṣẹ́yìn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọparun ló jáde. A gún un lórí ìka, a tẹ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, a fi etí gíláàsì mìíràn fà á títí ó fi fẹ́lẹ́, a da aró elésè àlùkò lé e lórí, a sì jẹ́ kó gbẹ. Nígbà tí mo fojú sí ẹnu maikirosíkóòpù, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ́ lọ súà bí ẹyọ owó lórí ẹní. Láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tó jìnnà síra, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí aró ti pa dà sí àlùkò wà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tó ń dún kẹ́ bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ fún ẹyọ kan. Irú kan tí à ń pè ní límfósáìtì la kà sọ́tọ̀, torí àwọn ló ń dá ojú ọ̀tá mọ̀ tí wọn kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ Ìṣẹ́yìn lọ sáré yí pápá ká fún ìṣẹ́jú 45, kò sì fi ṣeré. Bó ṣe dúró báyìí, a tún gún un níka. Límfósáìtì ti pọ̀ débi pé àtàǹpàkò mi ń ro mí níbi tí mo ti ń tẹ ẹ̀rọ. Inú wa dùn. Olùkọ́ ní kí a má tíì túká. Lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, a gún un lẹ́ẹ̀kẹta. Mo kà, mo tún un kà. Wọ́n ti dín kù. Wọn ò tó iye tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ kó tó sáré rárá. Ọmọ Ìṣẹ́yìn wò mí lójú, ó ní, "Ṣé wọ́n ti kú ni?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ nínú wa. Olùkọ́ kó ìwé rẹ̀, ó ní kí a lọ rò ó.

Ìbéèrè ọmọ Ìṣẹ́yìn yìí náà ló fa àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1983, Peters àti Bateman tẹ ìwádìí kan jáde láti Cape Town, ní South Africa. Ìje kan wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ kìlómítà 56. Ẹ fojú inú wo ẹni tó gbéra ní Mọ́kọlá, tó ń sáré bọ̀ láìdúró títí tó fi wọ Ọ̀yọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìje náà, 33 nínú 100 àwọn sárésáré ló ní ọ̀fìnkìn tàbí tí ọ̀fun ń dùn wọ́n. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ṣùgbọ́n tí wọn ò bá wọn sáré, 15 nínú 100 ni. Ní Amẹ́ríkà, David Nieman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn sárésáré tó lé ní 2,000 léèrè nípa máratọ́ọ̀nù tó wáyé ní Los Angeles ní 1987. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, 12.9 nínú 100 àwọn tó sáré ló ṣàìsàn. Nínú àwọn tí wọ́n ti múra sílẹ̀ bíi tiwọn ṣùgbọ́n tí wọn ò kópa, 2.2 nínú 100 péré ni.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di fèrèsé. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, àjẹsára rẹ̀ á wó lulẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, fèrèsé á ṣí sílẹ̀, olè á gbabẹ̀ wọlé. Gbogbo ayé gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi náà fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún pípẹ́, ó sì ń dùn mí títí dòní, nítorí àwọn kan nínú wọn lọ sọ fún òbí wọn nílé pé eré ìdárayá ń sọ ara di aláìlágbára.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àdúgbò wa ṣàlàyé ibi tí àṣìṣe náà wà. Gbogbo wa la ní ọdẹ tí ẹgbẹ́ onílé gbà. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ojúde alága ni gbogbo wọn máa ń pé sí. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á pín obì, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá lọ kà wọ́n níbẹ̀ lásìkò yẹn, wọ́n á pé mẹ́jọ, wọ́n á pé mẹ́wàá. Ẹ wá padà lọ ní aago méjì òru. Bẹ́ǹṣì nìkan lẹ máa bá, bóyá pẹ̀lú ajá tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ máa figbe ta pé àwọn ọdẹ ti kú? Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ tẹ́tí. Lápá ibi odò, ẹnìkan fọn fèrè. Lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan fi irin lu òpó iná, gbàn-gbàn-gbàn. Ìgbà tí wọn ò sí lójúde alága gan-an ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí à ń san owó rẹ̀ fún wọn.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni ojúde alága, àwọn límfósáìtì sì ni ọdẹ. Ibẹ̀ nìkan la ti ń kà wọ́n, torí ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wa lè dé. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì fi ohun tó ń tàn yanranyanran sàmì sára irú sẹ́ẹ̀lì yìí, wọ́n fi wọ́n sára eku, wọ́n sì mú àwọn eku náà sáré. Nígbà tí wọ́n wá wọn kiri lẹ́yìn eré, wọ́n bá wọn nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n bá wọn lára ìfun, wọ́n bá wọn nínú mùdùnmúdùn egungun. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni àrùn máa ń gbà wọlé sí wa lára? Èyí tí a mí símú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Èyí tí a jẹ tàbí tí a mu, ìfun ló ń lọ. Ẹnubodè ìlú làwọn ọdẹ lọ. Ní 2018, John Campbell àti James Turner, ní Yunifásítì Bath, kó gbogbo ẹ̀rí náà jọ, wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé ìtàn àjẹsára tó wó lulẹ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí wá ni ti àwọn tó ṣàìsàn lẹ́yìn ìje? Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí ìyẹn, n ò sì ní pa á mọ́ fún yín. Èrò tèmi nìyí. Àwọn sárésáré náà ló fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó yẹ ọ̀fun wọn wò ní láàbù. Nígbà tí àwọn mìíràn wá yẹ ọ̀fun àwọn eléré wò lẹ́yìn náà, wọn ò bá kòkòrò kankan nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ènìyàn fi ẹnu mí fún wákàtí mẹ́rin á máa ha ọ̀fun. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lọ sí ìje ńlá kì í sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà, á wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn, á sì wà láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń wú ikọ́. Ẹni tó bá lọ síbi òde ńlá méjì lópin ọ̀sẹ̀ kan ní Ìbàdàn yìí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sáré dé Ọ̀yọ́ nínú wa? Ìṣòro tiwa ni pé àwọn ọdẹ kì í kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Nieman yìí kan náà ló tún fi ọ̀sẹ̀ 12 tọpa àwọn àgbàlagbà 1,002 láàárín ìgbà òtútù, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ẹ̀rọ ayélujára ní 2010. Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá lọ́jọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 43 nínú 100 dín iye ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn fi bá wọn jà kù sí ti àwọn tí kì í ṣe é ju ọjọ́ kan lọ lọ́sẹ̀. Èmi ò ní sọ pé ìrìn nìkan ló fà á, torí ẹni tó ń rìn lè máa jẹ èso, ó sì lè máa sùn dáadáa. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ ni pé a ti rí ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá rìn dé ibi tí àyà ti ń lù, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á tú jáde, wọ́n á yí ìlú po, wọ́n á padà. Lọ́la, wọ́n á tún jáde.

Ohun mìíràn wà tó kan àwa tí ikùn ti yọ. Ọ̀rá inú ikùn kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó máa ń dá iná kékeré kan tó ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú ara, lọ́sàn-án lóru, àwọn ọmọ-ogun á sì máa pa iná tí kò ní òpin dípò kí wọ́n kọjú sí ọ̀tá. Bente Klarlund Pedersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Copenhagen fi hàn pé iṣan tó ń ṣiṣẹ́ máa ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bomi pa iná yẹn. Ní 2003, wọ́n gún àwọn ọkùnrin kan ní ìwọ̀nba èròjà láti ara bakitéríà. Lára àwọn tó jókòó, iná ràn. Lára àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, kò ràn. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìyẹn ni mo ti mọ̀ pé itan àti ẹsẹ̀ wa ń ṣe ju gbígbé wa rìn lọ.

Apínlẹ́tà ni bàbá mi. Òkè-Àdó, Mọ̀lété, títí dé Òkè-Bọ́lá, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín, báàgì ní èjìká. N ò rántí ọjọ́ kan tí ikọ́ dá a dúró sílé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nígbà tó fẹ̀yìntì, àwa ọmọ dáwó jọ, a ra àga onítìmùtìmù fún un, a ní kó sinmi, ó ti ṣe tó. Ó sinmi lóòótọ́. A gbé tẹlifíṣọ̀n sí i níwájú, a ní kí àwọn ọmọ máa gbé oúnjẹ wá bá a. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ọyẹ́ kankan kò fi kọjá láìgbé ikọ́ wá fún un, ọ̀kan kò ní tíì tán kí òmíràn tó dé. Èmi ò lè fi bàbá mi nìkan ṣe ẹ̀rí ohunkóhun, ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo mọ̀ nígbà náà, n kò sì fà á dìde lórí àga yẹn. Ìdí rèé tí mo fi ń wá síwájú yín.

Ní 2018 kan náà ni Janet Lord, Stephen Harridge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ àwọn agunkẹ̀kẹ́ 125 wò, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 55 sí 79. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn egungun àyà, thymus lorúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun tuntun ti ń kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń súnkì, tó sì ń di ọ̀rá. Lára àwọn àgbà agunkẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, àwọn ọmọ-ogun tuntun tó ń ti ibẹ̀ jáde pọ̀ tó ti àwọn ọ̀dọ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi gun kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ti oṣù kan.

Ibí ni ìyá kan tó ń ta ata ní Bódìjà ti na ọwọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, aago mẹ́rin ni mò ń jí, mẹ́jọ alẹ́ ni mò ń wọlé, gbogbo ara ló ń dùn mí. Ṣé eré ìdárayá kọ́ nìyẹn?" Mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbé apẹ̀rẹ̀?" Ó ní alábàárù ni. "Kí ló ń gbé yín wálé?" Ó ní Micra ni. "Láàárín kan ńkọ́?" Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Orí àpótí ni mo wà." Ó rẹ Màmá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ yàtọ̀ sí ìrìn. Mo ní kó fi ọmọ síbi ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó rìn kánmọ́kánmọ́ láti ibi ata lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó ni pé ẹ máa lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè kọrin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 irú rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún, ó pé. Kẹ́ ẹ ṣì máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì o, torí kò sí ìrìn tó lè dí ẹ̀fọn lẹ́nu.

Bàbá kan tó ti ṣe tíṣà béèrè pé bí ibà bá ń bọ̀, ṣé kí òun sáré kí òógùn lè lé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe é lórí pápá. Ní nǹkan bí 1947, dókítà Ritchie Russell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkíyèsí àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ń mú. Àwọn tó ṣe wàhálà gidi lẹ́yìn tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn rọ jù, ó sì sàn fún àwọn tó lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n kéde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, 2020, pé irú rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn fáírọ́ọ̀sì mìíràn wà tó lè wọ inú iṣan ọkàn, ẹni tó bá sì fi ara gbígbóná sáré lè ṣubú lulẹ̀ kó má dìde. Bí ó bá jẹ́ imú nìkan ló dí, ẹ lè rìn jẹ́jẹ́. Bí ara bá gbóná, tí oríkèé ń ro yín, tàbí tí ikọ́ wọ àyà, ẹ lọ sùn.

Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ló béèrè ìkẹyìn, pé ṣé ìrìn lè ran abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i. Marian Kohut wà ní Iowa State University, ní Amẹ́ríkà, irú iṣẹ́ tèmi gan-an ni tirẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣesí ara ni. Ní 2022, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé àwọn tó rìn kíákíá tàbí tó gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 90 kété lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn líle tàbí ti kòrónà ní ohun ìjà tí ara fi ń bá àrùn jà (antibody) nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ju àwọn tó jókòó lọ. Ìṣẹ́jú 45 kò mú irú rẹ̀ wá. Wọn kì í ṣe eré àsápajúdé, ìwọ̀nba ni. Àwọn tí wọ́n dán an wò kò pọ̀, mo sì ń retí kí àwọn mìíràn tún un ṣe, àní níbí ní Ìbàdàn, lára àwọn ènìyàn wa. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi agbára ṣe é.

Èmi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fẹ́ lọ gba abẹ́rẹ́ kòrónà àfikún lọ́dún náà, bàtà kẹ́ńfáàsì ni mo wọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì gún mi lápá òsì, ó fi òwú tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n lọ sinmi. Mo dúpẹ́. Mo bọ́ sí títì ní Mọ́kọlá, àwọn Micra mẹ́ta fọn fèrè sí mi, mo jẹ́ kí wọ́n lọ. Mo gba Sáńgo, mo kọjá Pólì, mo kọjá Sámóńdà, oòrùn wà lórí mi. Lẹ́nu géètì yunifásítì, mo ra omi, mo mu ún nínáró. Mo gba Àgbọ̀wọ́ àti Ọ̀rọ́gùn kọjá. Nígbà tí mo fi máa dé Ọ̀jọ́ọ̀, apá òsì ti ń ro mí, ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mo wo aago: ìṣẹ́jú 94.